Ẹ̀gbọ́n Kọ̀ǹpútà Tí A Ò Mọ Orúkọ Ẹ̀

Ìgbà mẹ́ta ni Moyọ̀sọ́lá tẹ password yẹn, ìgbà mẹ́ta náà ni laptop ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń to ẹyin sínú agbọ̀n. Orúkọ màmá ẹ̀ àti ọdún tí wọ́n bí wọn ni password náà. Bàbá ẹ̀ ló fi sí i látọjọ́ tí wọ́n ti ra laptop yẹn, kò sì sẹ́ni tó yí i padà rí. Laptop ní irọ́ ni.

Aago méje àárọ̀ Thursday ni o. Iná wà, fáànù ń yí, àmọ́ òógùn ti bo gbogbo ojú Moyọ̀.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ohun tó wà nínú laptop yẹn, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá Moyọ̀. Ọdún méje gbáko ni wọ́n fi ìka méjì tẹ ìtàn agboolé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ẹni tó gbẹ́ kànga, ìyàwó tó bínú kúrò nílé àti bó ṣe padà. Ojú ewé igba ó lé mọ́kànlá! Wọ́n parí ẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday, wọ́n kú lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀lé e. Báyìí, ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ méjì ló kù kí ọdún kan pé. Gbogbo ẹbí á kóra jọ, wọ́n á pín ìwé náà. Iṣẹ́ Moyọ̀ ò ju pé kó gbé e fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú lọ. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà láyé, inú laptop yẹn náà ló sì wà.

Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tí Moyọ̀ ń ṣe? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó máa ń jókòó sí ọ́fíìsì kan ní Yábàá, á gbé nǹkan kọ́tí, á máa dá àwọn tó gbàgbé password lóhùn. "Mà, ẹ má fi orúkọ ọmọ yín ṣe é mọ́ o. Sà, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì yín síbòmíì o." Bó ṣe ń sọ ọ́ láàárọ̀ náà ló ń sọ ọ́ lálẹ́. Òun fúnra ẹ̀ ńkọ́? Kò ṣe ẹ̀dà kankan.

Àwọn ọmọkùnrin wà ní ọ́fíìsì náà tí wọ́n mọ kọ̀ǹpútà bí ẹní mowó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n máa fi yanjú ẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ro ẹ̀rín tí wọ́n máa rín, ojú tì í, ó pa ẹnu mọ́. Ìtìjú yẹn ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọ̀dọ̀ Ìrètí ló kọ́kọ́ bá lọ. Àwọn méjèèjì ló jọ rẹ́ǹtì yàrá náà. Nọ́ọ̀sì ni Ìrètí ní Ìdí-Àràbà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ló ń wọlé bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

"Ìrètí, kí lo ṣe sí laptop dádì mi?"

"Mo wo fíìmù ní àná. Mo pa á. Kí ló dé?"

"Password ẹ̀ ti yí."

"Ẹn-ẹn? Èmi tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí ringtone, èmi ni mo yí password?"

"Ta ló tún wà nínú yàrá yìí?"

Ìrètí bọ́ bàtà ẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. "Moyọ̀, oorun ń kùn mí. Má jẹ́ ká jà."

Lọ́jọ́ kejì, Moyọ̀ gbé laptop, ó di Ìpọ̀nrí. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Kọ̀ǹpútà wà, inú kọ̀ǹténà búlúù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbẹ́ni Yẹ̀kínnì tó ń lẹ táyà. Ẹni bí ogójì ọdún ni Ẹ̀gbọ́n, èjìká wọn tẹ̀ sí apá kan, wọ́n so awò ojú mọ́ okùn lọ́rùn, ohùn wọn tutù bí omi àmù. Monday ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n bá Moyọ̀ tún ojú ibi tí wáyà chárjà ń wọ̀ ṣe, iṣẹ́ náà sì mọ́. Moyọ̀ ò mọ orúkọ wọn. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Wọ́n jù ú lọ dáadáa, ọmọ tí wọ́n bá sì kọ́ nílé kì í dúró níwájú àgbà kó ní "kí lorúkọ yín?" Ẹ̀gbọ́n náà ti tó.

Ẹ̀gbọ́n wo laptop, wọ́n mi orí.

"Ta ló ń bá ẹ gbé?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, sà."

Wọ́n bọ́ awò, wọ́n nù ún. "Mi ò fẹ́ da ilé onílé rú o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe èyí, láàárín ọ̀sẹ̀ yìí ló fọwọ́ kan laptop yìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn sì jóòótọ́! Ẹ fi í pamọ́ sọ́kàn, màá padà sí i.

Wọ́n ní sọ́fítíwíà tó máa ṣí i wọ́n gógó, kó kọ́kọ́ san ìdajì. Ó san án. Wọ́n ní kó fi laptop sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Bó ṣe ń rìn padà sílé ni ọ̀rọ̀ yẹn ń dún létí ẹ̀: láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Nígbà tó fi máa dé Yábàá, ó ti dájọ́.

"Olè ni ẹ́," ló sọ fún Ìrètí. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. "O ti rí i pé ẹbí mi fẹ́ lo nǹkan yẹn. Èló lo fẹ́ gbà?"

Ìrètí ò pariwo. Ó wò ó títí, ó fa báàgì ẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Moyọ̀, o máa wá mi," ló ní, ó sì kó lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan ní Ìdí-Àràbà.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ẹ̀gbọ́n pè é. "Mo ti rí fáìlì yẹn. 'Ìtàn Agboolé Wa', àbí?" Moyọ̀ fẹ́ fò sókè. "Àmọ́ ó ti wọ inú ààbò kejì. Owó ẹ̀ yàtọ̀." Ó tún san án, ó sì sọ fún wọn pé òun ti lé ọ̀rẹ́ òun jáde. Ní gbogbo ìgbà yẹn, màmá ẹ̀ ń pè láti Ògbómọ̀ṣọ́: "Moyọ̀, ìwé dádì yín ńkọ́?" Ohun tó ń sọ ni, "Ó ti wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé, mà." Tó bá ti gé fóònù, á ki orí bọ abẹ́ pílò.

Nígbà tó di Tuesday, tó ku ọjọ́ mẹ́rin péré, fóònù Ẹ̀gbọ́n ò lọ mọ́. Moyọ̀ sáré dé Ìpọ̀nrí, ó bá àgádágodo lẹ́nu kọ̀ǹténà.

Yẹ̀kínnì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà lọ́wọ́. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ìwọ ló ṣe ìkẹrin láàárọ̀ yìí," ló ní.

Ní tẹ́ṣàn lọ́jọ́ Wednesday, obìnrin ni Ìsípẹ́kítọ̀ tó dá a lóhùn, Adéfúnmiláyọ̀ ló wà láyà aṣọ wọn. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n mú bírò.

"Orúkọ ẹni tó gbé e?"

"Ẹ̀gbọ́n, mà."

"Ẹ̀gbọ́n ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n Kọ̀ǹpútà."

"Orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ ni mo ní."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"O fún un lówó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, mà."

"Ta ló ni àkáǹtì tó o sanwó sí?"

"Ó ní kí n mú káàṣì wá."

Ìsípẹ́kítọ̀ gbé bírò sílẹ̀. "Iṣẹ́ wo lo ń ṣe?"

Moyọ̀ wo ilẹ̀. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kọ́ńsítébù kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín: "Password people! Your matter get k-leg o!" Ẹ wò ó, ká ní ilẹ̀ lanu ni, Moyọ̀ ì bá wọlẹ̀.

Màmá àgbàlagbà kan jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó di báàgì mú. Àǹtí Margaret ni, mátíróònù tó ti fẹ̀yìntì ní Ìdí-Àràbà. Ẹ̀gbọ́n kan náà ló gbé kọ̀ǹpútà tiwọn, èyí tí fọ́tò gbogbo ọmọ tí wọ́n gbẹ̀bí ẹ̀ wà nínú ẹ̀. "Engineer lèmi ń pè é," ni wọ́n sọ, wọ́n sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó jọ pé wọ́n ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, àmọ́ wọn ò sọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà, Moyọ̀ ń kọjá ní Ojúẹlẹ́gba, ó rí èjìká kan tó tẹ̀ sí apá kan. Ó rí okùn awò lọ́rùn. Ó rí báàgì laptop lẹ́yìn!

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró!"

Ọkùnrin mẹ́fà ló yíjú. Ẹni tó ń ta bẹ́líìtì yíjú, ẹni tó ń jẹ gúgúrú yíjú, àfáà kan tó ń fọ ẹsẹ̀ tiẹ̀ yíjú. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń pè gan-an ni ò yíjú. Ńṣe ló yára ẹsẹ̀.

"Ẹ bá mi mú un! Ẹ̀gbọ́n ni!"

"Èwo nínú wa?" ni oníbẹ́líìtì bi í. "Sister, pe orúkọ ẹ̀, ká bá ẹ mú un."

Moyọ̀ la ẹnu, orúkọ ò sí níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ gbé ọkùnrin náà, ó yà sí kọ́nà, ó di àwátì.

Láti ibi yìí lọ, ẹ foríjì mí o, mi ò ní fi "wọ́n" pe ọkùnrin yẹn mọ́.

Moyọ̀ jókòó sétí títì, ó ń sunkún láàárín èrò. Fóònù dún. Àǹtí Margaret ni, wọ́n ti gba nọ́ńbà ẹ̀ ní tẹ́ṣàn.

"Ọmọ mi, mo mọ ilé ìyá ẹ̀."

"Ẹ mọ̀ ọ́n? Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún ọlọ́pàá?"

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó bẹ̀ mí nígbà kan pé kí n wá bá òun wo ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá òun, ní Ọtọ. Ìyá yẹn fún mi níṣu. Ó ṣàdúrà fún mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣíwọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó ọlọ́pàá wọlé tọ̀ ọ́? Ojú ń tì mí."

"Àǹtí, Saturday ni ọdún bàbá mi."

"Ká pàdé ní tẹ́ṣàn lọ́la."

Aago mọ́kànlá àárọ̀ Thursday ni wọ́n dé Ọtọ. Ilé tí yàrá kọjú síra ni, ọ̀nà àárín ṣókùnkùn. Ìyá àgbà kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Bó ṣe rí Àǹtí Margaret, ojú ẹ̀ là.

"Nọ́ọ̀sì mi! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ̀jẹ̀ yẹn ti wálẹ̀, oògùn tí ẹ ní kí n má fi jáfara, mi ò fi jáfara!"

Àǹtí Margaret ò lè dáhùn. Ìyá bá rí aṣọ dúdú Ìsípẹ́kítọ̀ lẹ́yìn wọn.

Nǹkan ró gbì nínú yàrá. Ẹ̀gbọ́n ti fò sí wíńdò, àmọ́ irin wà níbẹ̀. Ó já sí ẹnu ọ̀nà, kọ́ńsítébù tó rẹ́rìn-ín lánàá yẹn ló fi àyà pàdé. Wọ́n mú un jókòó sórí ẹní. Ìsípẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Laptop méje ló wà níbẹ̀, wọ́n fi ìró ìyá arúgbó yẹn wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tuntun. Ti bàbá Moyọ̀ ló ṣe ìkẹta.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Engineer."

"Ìyá ẹ ló sọ ẹ́ ní Engineer?"

Ó yí ojú sí ògiri.

"Ta ló ni ìwọ̀nyí?"

"Kọ́sítọ́mà. Mò ń tún wọn ṣe."

"Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

"Olè pọ̀ ní Ìpọ̀nrí."

"Ta ló ti laptop ọmọ yìí pa?"

"Èmi kọ́ o! Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni. Ẹ bi í, òun fúnra ẹ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀." Ó wo Moyọ̀. "Àbí ìwọ kọ́ lo lé ọ̀rẹ́ ẹ jáde?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Moyọ̀ lára bí abẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rí i pé òun ti ń borí, ó gbé àyà sókè. "Mo ṣiṣẹ́ fún wọn, kò tíì parí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Níbo lẹ̀rí wà?"

Ìsípẹ́kítọ̀ mi orí. "Màá kó gbogbo ẹ̀ lọ sí tẹ́ṣàn. Ẹ̀ka tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà á yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lè tó oṣù mẹ́ta, madam."

Oṣù mẹ́ta! Ọ̀tunla ni ọdún bàbá ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà wọlé. Ó ṣì gbé àwo ẹ̀wà lọ́wọ́, ẹ̀wà ń já bọ́ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré tó bá ń sunkún.

"Àkàngbé," ló pè é. "Àkàngbé ọkọ mi. Wò mí lójú."

Ọkùnrin tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ hàn tí ò mira, tí ọlọ́pàá jágbe mọ́ tí ò mira, ó fò sókè bí ẹni tí iná gbé. "Màámi! Ẹ má pe orúkọ yẹn! Ẹ má pè é níwájú wọn!"

Ojú gbogbo wọn yí sí i.

Moyọ̀ ń wò ó. Ta ló ń sá fún oríkì ara ẹ̀? Orúkọ tí ìyá fi ń tuni nínú, kí ló wá di ohun ìbẹ̀rù? Ó wá rántí iṣẹ́ ẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ password àwọn èèyàn létí, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń fi ṣe é: orúkọ tó wọ̀ wọ́n lákínyẹmí ara, tí wọ́n rò pé ará ìta kankan ò lè gbọ́ láé.

Ó fa laptop bàbá ẹ̀ jáde, ó ki wáyà ẹ̀ bọ ògiri.

"Fi í sílẹ̀!" Ohùn tútù Ẹ̀gbọ́n ti lọ. "Tó o bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré sí i, gbogbo inú ẹ̀ ló máa pa rẹ́. Ìwé bàbá ẹ máa lọ!"

Ọwọ́ Moyọ̀ dúró lókè.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" ni Ìsípẹ́kítọ̀ bi í.

"Kò dá mi lójú, mà," ló ní. Ó sì tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láìsí àmì lórí: a, k, a, n, g, b, e.

Nǹkan kékeré yẹn ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Ó ń yí. Ó ń yí. Lẹ́ẹ̀kan náà, bàbá ẹ̀ yọ, pẹ̀lú fìlà gọ̀bì wọn lórí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín níwájú kànga agboolé. Fáìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà: ÌTÀN AGBOOLÉ WA, Ó TI PARÍ.

Moyọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Omijé sọ̀ kalẹ̀.

"Bá mi gbìyànjú tèmi," ni Àǹtí Margaret ní. Orúkọ kan náà ló ṣí i. Ẹ̀kẹta náà ṣí. Méjèèje ló ṣí pátá, orúkọ kan náà, lójú ìyá tó ni ín.

Ìyá ò kàwé, àmọ́ ó yé e. Ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

"Orúkọ tí mo fi ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún," ló ní, "òun lo fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

Ẹ̀gbọ́n ki orí sáàárín orúnkún. Ìbéèrè ọlọ́pàá ò mú un, ti ìyá ẹ̀ mú un. Ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbé laptop wá fún chárjà tàbí bátìrì, á bi wọ́n ní password kó lè dán an wò, á wá fi nǹkan kékeré kan pamọ́ sínú ẹ̀ tó máa yí password náà fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ rántí ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi pamọ́ sọ́kàn? Lóòótọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹni náà fọwọ́ kàn án. Òun ni. Tí wọ́n bá padà wá, á ní kí wọ́n wo ẹni tó ń bá wọn gbé, kí ojú má baà yí sọ́dọ̀ òun. Ó ní kò séwu nínú ẹ̀, torí ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti sọ fún ẹlòmíì.

"Orúkọ?" ni Ìsípẹ́kítọ̀ bi, ìwé ti wà ní ṣíṣí.

Ìyá ló dáhùn. "Quadri. Quadri Àkàngbé." Ó wá yí sí Moyọ̀ àti Àǹtí Margaret, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún wọn. Àǹtí Margaret sáré dì í mú. Wọ́n di ara wọn mú, àwọn méjèèjì ń sunkún. Moyọ̀ ò mọ ibi tó máa gbé ojú sí.

Ìsípẹ́kítọ̀ ya fọ́tò gbogbo ẹrù, wọ́n ní kí oníkálukú buwọ́ lùwé kó gbé tiẹ̀. Kọ́ńsítébù bá Moyọ̀ gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà. "Madam, abeg no vex," ló ní. Láti ibẹ̀, Ṣómólú ló gbà. Ìgbà tí ẹ̀rọ ń tẹ ìwé ló pe màmá ẹ̀.

"Màámi, mo parọ́ fún yín. Ìwé ò sí lọ́dọ̀ atẹ̀wé látọjọ́ yìí. Ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀." Ó sọ gbogbo ẹ̀ pátá, ti Ìrètí náà.

"Ìwé ti dé, ọpẹ́ ni," ni màmá ẹ̀ sọ. "Ọmọ ọlọ́mọ yẹn ńkọ́?"

Lọ́sàn-án Friday, ó dúró lẹ́nu géètì ní Ìdí-Àràbà, ó di ẹ̀dà ìwé kan mú. Ó ti kọ gbogbo bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ ránṣẹ́ sí Ìrètí lálẹ́ àná. Ìrètí jáde pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn. Moyọ̀ kúnlẹ̀ sínú yanrìn, láàárín àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tó ń kọjá.

"Ìrètí, mo pè ẹ́ lólè. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

"Dìde jọ̀ọ́, àwọn aláìsàn ń wò wá."

"Èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe ọkùnrin yẹn nìkan."

"Mo mọ̀." Ìrètí gba ìwé, ó ṣí i, ó wo fọ́tò bàbá onífìlà gọ̀bì. Bàbá yẹn máa ń ra àkàrà fún un tí wọ́n bá wá sí Yábàá. Ó ka ojú ewé kan lórí ìdúró. "Mi ò tíì padà sílé o. Má bi mí lónìí."

"Mi ò ní bi ẹ́."

"Ṣé o ti yí password yẹn kúrò ní orúkọ olè?"

"Mo ti yí i. Ohun tí mo fi ṣe é ni..."

Ìrètí sáré fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. "Má sọ ọ́! Tó bá tún tì lọ́la, kó má jẹ́ èmi."

Ó rẹ́rìn-ín. Moyọ̀ náà fẹ́ rín, ẹ̀rín ò jáde.